Ibùsọ̀ Mélòó ni Èkó sí Bahia?

Òwú dúdú kan wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi ní ọ́fíìsì. Kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọjọ́ tí mo gé e ni ọjọ́ tí màmá kan láti Campos, ní Erékùṣù Èkó, wá jókòó síwájú mi tó ní òun fẹ́ lọ sí Bahia. Ọ̀rọ̀ màmá yẹn ló mú mi kọ ohun tí mò ń kọ yìí, ṣùgbọ́n mi ò ní tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni, ọ̀rọ̀ ọ̀nà sì ní ìpìlẹ̀.

Láti ọdún 1989 ni mo ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ní Èkó. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ìwé ni tíkẹ́ẹ̀tì. Kábọ́ọ̀nù pupa wà lẹ́yìn rẹ̀. Bó o bá fi ọwọ́ kàn án, àwọ̀ rẹ̀ á bá ọ délé. Ìwé ńlá kan wà tí à ń pè ní ABC, ó nípọn bíi Bíbélì orí pẹpẹ. Inú rẹ̀ la ti ń wo bàálù tó ń lọ láti ìlú kan sí èkejì, ọjọ́ tó ń lọ, agogo tó ń gbéra àti agogo tó ń balẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2008 ni IATA, àjọ àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù lágbàáyé, fòpin sí tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé, ohun gbogbo sì wọ inú kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ báyìí ò mọ kábọ́ọ̀nù rárá. Síbẹ̀, ìbéèrè tí oníbàárà ń gbé wá kò tíì yí padà látọjọ́ náà: “Wákàtí mélòó ni?”

Ìbéèrè ọmọdé ló jọ. Kò sí èyí tó le tó o nínú iṣẹ́ wa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí gbogbo èèyàn rò pé àwọn mọ̀, ìyẹn Èkó sí London. Nǹkan bí 5,000 kìlómítà ni láti pápákọ̀ Murtala Muhammed dé Heathrow. Bàálù ńlá ń sáré tó 900 kìlómítà ní wákàtí kan bó bá ti gòkè tán. Ẹni tó bá pín in á rí i pé kò yẹ kó pé wákàtí mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ tàbí díẹ̀ lé ni tíkẹ́ẹ̀tì máa ń kọ. Ibo ni ìyókù wọlé sí? Wákàtí tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ti òfuurufú nìkan. Láti ìgbà tí bàálù bá ti kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn tí ẹ gbà wọlé ni wọ́n ti ń kà á, títí ó fi máa dúró pátápátá níbi tó ń lọ. Ó máa rìn nílẹ̀, á dúró de àwọn tó wà níwájú rẹ̀, á gòkè díẹ̀díẹ̀, á sì sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá dé ojú ọ̀run London láàárọ̀ kùtù, ó lè bá ogunlọ́gọ̀ bàálù níbẹ̀ tí wọ́n ń yí po, tí kálukú ń retí àyè tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ fi ń kéde pé wákàtí mẹ́fà làwọn máa fò, tí tíkẹ́ẹ̀tì yín sì sọ ohun mìíràn. Kò sí èyí tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Oníbàárà mi tó ń gbé ní Ìbàdàn tún ní ìṣirò tirẹ̀. Bí bàálù rẹ̀ bá máa gbéra ní agogo mọ́kànlá alẹ́, mo ní kó kúrò nílé ní agogo méjìlá ọ̀sán. Wọ́n máa ń bá mi jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó kò ju wákàtí méjì lọ bí Ọlọ́run bá dá wa lọ́lá, ṣùgbọ́n tírélà kan ṣoṣo tó bá ṣubú ní Ìbàfò ti tó láti gba ọjọ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Á dé pápákọ̀, á tò, wọ́n á wọn ẹrù, wọ́n á yẹ ìwé wò, wọ́n á tú báàgì. Bó bá dé London, á tún tò, á dúró de àpótí rẹ̀, á wá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Peckham tàbí Woolwich. Nígbà tó bá fi máa bọ́ bàtà nílé àbúrò rẹ̀, wákàtí ogún ti kọjá. Mẹ́fà péré nínú rẹ̀ ló fi wà lókè.

Ọ̀nà òkè gan-an kì í ṣe ohun tó dúró lójú kan. Bí ẹ bá wo àwòrán ayé, ẹ ó rí i pé ìlú Algiers fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní òkè Èkó gan-an, bí ìgbà tí ènìyàn gbé àkàbà ró. Bàálù tó ń lọ sí London á kọjá lókè ilẹ̀ Niger, á la aṣálẹ̀ Algeria já, á ré òkun Mẹditaréníà kọjá, á sì gba orí ilẹ̀ Faransé wọlé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, lẹ́yìn tí àwọn sójà gbàjọba ní Niger, wọ́n ti ojú òfuurufú orílẹ̀-èdè náà pa. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò ṣeé gbàgbé fún wa. Àwọn bàálù kan tó ti wà lójú ọ̀run ṣẹ́rí padà. Àwọn yòókù ní láti ya lọ jìnnà, wọ́n sì ń jó epo tí wọn ò rò tẹ́lẹ̀. Ó tó oṣù kan kí wọ́n tó ṣí i padà. Èkó ò kúrò nípò rẹ̀, London náà ò sì ṣípò, ṣùgbọ́n fún oṣù kan gbáko ni ọ̀nà tó wà láàrin wọn fi gùn ju bó ṣe wà lọ.

Mo ní láti sọ ti agogo, nítorí ó ti kó mi sí wàhálà tí mi ò lè gbàgbé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdájí ni bàálù láti Èkó ń dé New York. Ká ní ó gbéra ní agogo mọ́kànlá alẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì á kọ ọ́ pé agogo márùn-ún ìdájí ló máa balẹ̀. Agogo Èkó ni wọ́n fi kọ ti ìgbéra, agogo New York ni wọ́n fi kọ ti ìbàlẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ́hùn-ún, wákàtí márùn-ún ló wà láàrin agogo wa àti tiwọn. Ní ìgbà òtútù, mẹ́fà ni. Bàbá kan tó ní àtọ̀gbẹ gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi ní ọdún kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó wo ìwé náà, ó kà á lórí ìka rẹ̀, ó ní wákàtí mẹ́fà ni. Ó kó abẹ́rẹ́ insulin rẹ̀ sínú àpótí tó lọ sí abẹ́ bàálù, nítorí lójú rẹ̀, ó máa dé kí àsìkò abẹ́rẹ́ tó tó. Wákàtí mọ́kànlá ló lò. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti pápákọ̀ gbé e lọ. Ọlọ́run yọ ọ́, ó padà wá sọ fún mi, kò sì bínú. Èmi ni mo bínú sí ara mi. Ó bi mí ní wákàtí mélòó kó tó lọ, mo nawọ́ sí tíkẹ́ẹ̀tì, mo ní, “Ó wà níbẹ̀, sà.” Látọjọ́ náà, mi ò jẹ́ kí oníbàárà kankan dìde níwájú mi láì jẹ́ pé mo fi ẹnu ara mi ka iye wákàtí tó máa fi jókòó fún un, kí n sì bi í bó bá ń lo oògùn.

Ẹni tó bá ti New York padà wá á sọ fún yín pé àbọ̀ dára ju àlọ lọ. Òótọ́ ni. Kìlómítà ò dín, nǹkan bí 8,450 ni lálọ, òun náà ni lábọ̀. Atẹ́gùn ni. Níbi tí bàálù ńláńlá ń rìn, tó tó kìlómítà mẹ́wàá sókè, atẹ́gùn líle kan ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ní ìhà àríwá ayé. Ẹni tó ń bọ̀ nílé, ẹ̀yìn ló ti ń tì í. Ní oṣù kejì ọdún 2020, nígbà tí ìjì ńlá kan ń jà lórí òkun Àtìláńtíìkì, bàálù British Airways kan fi wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 56 fò láti New York dé London, ọ̀nà tó sábà máa ń gbà ju wákàtí mẹ́fà lọ.

Àwọn baba wa ti mọ̀ nípa gbogbo èyí kí bàálù tó dé. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń wọn ọ̀nà. Ibùsọ̀ ni wọ́n ń pè é. Máìlì ni àwọn ìwé fi túmọ̀ rẹ̀ nígbà tí òyìnbó dé, bó sì ṣe di ohun tí wọ́n fi okùn wọ̀n nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: ibi tí a ti ń sọ ẹrù ni. Aláàárù tó ru ẹrù láti ìlú kan, ibi tó bá ti kọ́kọ́ sọ ẹrù kalẹ̀ láti sinmi, ibùsọ̀ kan nìyẹn. Ó tún gbé e, ó tún sọ̀ ọ́, ibùsọ̀ kejì nìyẹn. Òkè ń mú kí ibùsọ̀ pọ̀ sí i, odò ń mú kí ó pọ̀ sí i, oníbodè ń mú kí ó pọ̀ sí i. Ọrùn ẹni tó ń ru ẹrù ni wọ́n fi ń wọn ọ̀nà. Lẹ́yìn gbogbo ọdún tí mo ti lò níwájú kọ̀ǹpútà, mi ò tíì rí òṣùwọ̀n tó dára jù ú lọ.

Ẹ fi wọn ti London wò. Àwọn àgbà tó lọ kàwé níbẹ̀ lẹ́yìn ogun Hitler, ọkọ̀ ojú omi Aureol ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wọ̀. Ọdún 1951 ló kọ́kọ́ na ọ̀nà náà, ọjọ́ mẹ́tàlá ló ń fi lọ láti Èkó dé Liverpool, ó sì ń yà ní èbúté lẹ́bàá ọ̀nà, bíi Freetown àti Las Palmas. Lónìí, alẹ́ lẹ máa wọkọ̀, ilẹ̀ á mọ́ yín sí London. Ibùsọ̀ kan péré. Ọ̀nà náà ti kúrú, nítorí ẹnì kan jókòó, ó rò ó, ó sì là á.

Màmá Campos ti mọ ọ̀nà London yẹn dáadáa. Ó ti lọ wẹ ọmọ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọwọ́ mi náà ló ti gba tíkẹ́ẹ̀tì. Àgùdà ni wọ́n, ọmọ àwọn tó ti Brazil padà wálé. Bẹ́ ẹ bá gba Campos kọjá ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, òórùn fùréjọ̀n á pàdé yín lójú pópó, ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè. Bahia ni baba ńlá màmá náà ti wá. Ó fi aṣọ nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, mo ti pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Mo fẹ́ fojú rí Bahia. Wákàtí mélòó ni?”

Bọ́ọ̀lù ayé kan wà lórí tábìlì mi, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ilé ìwé. Mo mú òwú nínú àpótí abẹ́rẹ́ mi, mo fi ẹnu rẹ̀ kan sórí Èkó, mo fà á tààrà dé London, mo gé e síbẹ̀. Mo ní, “Màmá, ọ̀nà tí ẹ mọ̀ nìyí.” Lẹ́yìn náà, mo di ẹnu tó wà lórí Èkó mú, mo gbé ẹnu kejì kúrò ní London, mo yí i gba orí òkun lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ó bọ́ sí orí Salvador, olú-ìlú Bahia. Kò dín, kò lé ju fọ́nrán irun lọ. Nǹkan bí 5,000 kìlómítà ni Èkó sí London. Èkó sí Salvador, nǹkan bí 5,090. Ìyàtọ̀ àárín wọn kò tó Èkó sí Ìbàdàn.

Màmá náà kò sọ̀rọ̀. Ó gba òwú náà lọ́wọ́ mi, ó tún un wọ̀n fúnra rẹ̀. Ó wá ní, “Nígbà náà, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni.”

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le. Kò sí bàálù kankan tó ń ti Èkó lọ sí Salvador. Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo ní kó wá ọ̀nà fún mi. Ohun tó kọ́kọ́ gbé wá gba Doha, ìyẹn ni pé ẹni tó ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn á kọ́kọ́ kọjú sí ìlà-oòrùn, á fò jìnnà lọ, á wá yí padà, á sì tún gba ìhà ilé rẹ̀ kọjá. Èkejì gba Johannesburg. Ẹ̀kẹta gba Lisbon, níbi tí bàálù ti ń lọ sí Salvador tààrà, lójú mi òun ló kúrú jù. Ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà tó bá máa yà ní pápákọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Schengen ní Yúróòpù, bíi Lisbon, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní jáde síta, ó gbọ́dọ̀ gba físà ìyàkọjá. Ìwé tí màmá fi ń lọ London kò gbà á níbẹ̀. Mo ti fi ojú ara mi rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí a bá gbójú fo èyí. Ní àwọn ọdún 1990, mo ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa yà ní ìlú òyìnbó kan, mi ò bèèrè físà. Ẹnu kàǹtà ni wọ́n ti dá a padà pẹ̀lú gbogbo mọ̀lẹ́bí tó sìn ín wá. Èmi ni mo san owó náà, ṣùgbọ́n owó kọ́ ni ohun tó sọ nù lọ́jọ́ yẹn.

Addis Ababa la wá gbà. Ẹ bá mi kà á. Èkó sí Addis, nǹkan bí 3,900 kìlómítà sí ìlà-oòrùn, wákàtí márùn-ún. Ó sùn síbẹ̀ mọ́jú. Addis sí São Paulo, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10,000 kìlómítà, ó la gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà já, ó la òkun já. São Paulo sí Salvador, 1,450 kìlómítà padà sókè. Àpapọ̀ rẹ̀ ju 15,000 lọ. Ìlọ́po mẹ́ta ọ̀nà tí òwú fi hàn wá. Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló kúrò ní Campos, ó dé yàrá rẹ̀ ní Salvador ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ Rírú. Agogo Salvador fi wákàtí mẹ́rin rẹ̀yìn sí tiwa, nítorí náà Ọjọ́bọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ará ilé rẹ̀. Wákàtí méjìlélógójì. Ibùsọ̀ mẹ́ta, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà Èkó sí Bahia tààrà ti dán rí. Kì í ṣe ọ̀nà ayọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ ẹrú ló kọ́kọ́ là á, láti Wídà àti Èkó lọ sí Bahia, oṣù kan sí oṣù kan ààbọ̀ nínú òkùnkùn ìdí ọkọ̀, àìmọye ènìyàn ni kò sì gúnlẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá, dá sílẹ̀ ní Salvador ní oṣù kìíní ọdún 1835, ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn tó ti gba òmìnira padà, àwọn mìíràn sì fi owó ara wọn wálé. Látìgbà náà, ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀. Láti Èkó, wọ́n ń kó obì, ọṣẹ dúdú, epo pupa àti aṣọ òfì lọ sí Bahia; láti Bahia, wọ́n ń kó tábà àti ọtí wá. Ní ọdún 1875, bàbá kan ní Salvador, ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀ wa kó lọ, mú ọmọ rẹ̀ wá sí Èkó kó wá kàwé. Martiniano Eliseu do Bonfim lorúkọ ọmọ náà. Ọdún mọ́kànlá ló lò níbí kó tó padà lọ sí Salvador, ó sì di babaláwo tí gbogbo ìlú mọ̀, ó tún ń kọ́ àwọn èèyàn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún rí ọkọ̀ wọ̀ láti Salvador wá sí Èkó ní 1875. Èmi, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tó so mọ́ gbogbo pápákọ̀ ayé, mi ò rí ọkọ̀ tààrà wá fún màmá ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin.

Ìdí kì í ṣe pé òkun fẹ̀ sí i. Ọ̀nà òfuurufú, owó ló ń là á. Ilé-iṣẹ́ bàálù kò ní gbé ọkọ̀ tó ń gba igba àti àádọ́ta ènìyàn jáde láì mọ̀ pé ó máa kún lálọ, kó sì kún lábọ̀. Wọ́n á wo ìwé, wọ́n á ní ènìyàn mélòó ló ń ti Èkó lọ sí Salvador lọ́dún? Wọ́n á rí i pé wọn ò pọ̀. Ta ni á sì pọ̀ lórí ọ̀nà tó ń gba ọjọ́ méjì? Mo ti rí oníbàárà tó bi mí ní iye owó, tó bi mí ní iye wákàtí, tó sì dìde láì sọ̀rọ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ rẹ̀ síbì kankan pé ó fẹ́ lọ. Varig, ilé-iṣẹ́ bàálù Brazil, ti ń bà sí Èkó rí, àwọn àgbà lẹ́nu iṣẹ́ wa rántí. Ó kógbá wọlé, ọ̀nà náà sì hu koríko.

Nǹkan ti ń yí padà díẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú lọ sí Brasília, ìjọba méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn ọkọ̀ òfuurufú, èyí tó lè jẹ́ kí bàálù máa fò tààrà láàrin Èkó àti São Paulo. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́. Èkó sí São Paulo tààrà jẹ́ nǹkan bí 6,350 kìlómítà, nǹkan bí wákàtí mẹ́jọ. Ẹni tó gba ibẹ̀ lọ sí Salvador á fi ibùsọ̀ méjì débẹ̀ dípò mẹ́ta, kò sì ní sùn sí ìlú onílùú. Ohun tó dára ni.

Ṣùgbọ́n mo ti mú òwú mi, mo ti wọ̀n ọ́n. Bàálù tó bá ti Èkó lọ sí São Paulo, tó sì kọ́kọ́ yà ní Salvador, ohun tí yíyà náà máa fi kún ọ̀nà rẹ̀ kò tó 200 kìlómítà. Mo mọ̀ pé kìlómítà nìkan kọ́. Bíbà sílẹ̀ ń jẹ epo, wọ́n ń san owó pápákọ̀, iṣẹ́ àwọn awakọ̀ sì ní iye wákàtí tí òfin gbà. Mi ò fi ojú kékeré wo èyíkéyìí nínú wọn, nítorí láti ọdún pípẹ́ ni mo ti ń rí bí ilé-iṣẹ́ bàálù ṣe ń kú. Síbẹ̀, São Paulo ni ìlú òwò. Salvador ni ìlú ẹbí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta àkàrà lójú pópó, tí wọ́n ń pè é ní àkàràjẹ. Ibẹ̀ ni ilé òrìṣà Opô Afonjá wà láti ọdún 1910, tí wọ́n ń fi èdè wa ké pe Ṣàngó. Arìnrìn-àjò ibẹ̀ kò ní dín. Ẹ bi àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà àti Jerúsálẹ́mù, ẹni tó ń lọ síbi tí ọkàn rẹ̀ wà kì í ka owó bí oníṣòwò ṣe ń kà á.

Nígbà tí màmá padà dé, ó wá kí mi ní ọ́fíìsì. Ó sọ fún mi pé ìyá àgbà kan tó ń ta àkàrà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì kan níbẹ̀ di òun mú lọ́wọ́, ó bi òun ní ìbéèrè kan ní èdè Potogí, ẹni tó mú òun kiri sì túmọ̀ rẹ̀. Ohun tí ìyá náà bèèrè ni pé báwo ni Èkó ṣe jìnnà tó, ó wu òun láti lọ. Màmá ní òun kò mọ èyí tí òun ì bá sọ, bóyá wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni tàbí ọjọ́ méjì. Ó sọ èyí tí òwú sọ.

Ẹ̀yin tó ń pète ìrìn-àjò, ẹ má bi aláṣojú yín ní wákàtí mélòó nìkan. Ẹ bi í pé ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ máa sọ ẹrù kalẹ̀, ní ìlú wo, ṣé ìwé yín gbà yín níbẹ̀, agogo ta ni wọ́n sì fi kọ tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tó ń ya ọ̀nà Èkó sí São Paulo sórí ìwé lọ́wọ́lọ́wọ́, nílé ìjọba àti ní ilé-iṣẹ́ bàálù, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó bà ní Salvador kó tó kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀.